Àwòrán Mẹ́ta fún Ilé Kan

Herbert kì í fi àwòrán ilé kan náà han ẹni méjì. Ọgbọ́n iṣẹ́ lòun ń pè é. Ó ti pẹ́ tó ti ń ya ilé lábẹ́ ọ̀gá kan ní Òkè-Ìléwó, orúkọ ọ̀gá nìkan ló sì máa ń wà lára pátákó. Nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé kan ní Láfẹ́nwá wá ń wá ẹni tó máa ya ilé tuntun sójú ilé bàbá wọn, ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá lè bọ́ sóun lọ́wọ́, òun náà á gbé pátákó tòun kọ́.

Àwọn ọmọ mẹ́ta ló ni àṣẹ, Herbert sì fún kálukú ní ohun tí ọ̀fun rẹ̀ ń fẹ́. Sàlàhúdíìnì, àkọ́bí, fẹ́ kí ayé rí òun, ló bá ya òpó ńláńlá fún un àti mọ́tò dúdú kan tó ń dán níwájú ilé. Màríámù tó ń ta táì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ àti mọ́ ògiri kò rí ti òpó rò. Ṣọ́ọ̀bù ló kún inú tirẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ gbàǹgbà kan. Mùs'áb, àbíkẹ́yìn tó wà ní Kánádà, gba fídíò: omi ń tú sókè láàárín òdòdó, òyìnbó kan sì ń fa ajá kọjá nínú agboolé mùsùlùmí. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ajá ṣe débẹ̀. Herbert ní kí kálukú má tíì fi tirẹ̀ han èkejì.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwòrán kan tó kún fún ìlà wínníwínní ló fẹ́ tẹ́ síwájú wọn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè kà, kí kálukú lè máa rò pé tòun ni. Ṣùgbọ́n Mùs'áb ò lè pa á mọ́ra. Ó ti fi fídíò rẹ̀ sórí Wásáàpù ẹbí, àwọn yòókù sì ti fi tiwọn dá a lóhùn.

Ìyá wọn, Alhaja Fàòsíyà, ní kí wọ́n kó fóònù wọn wá. Herbert ti dọ̀bálẹ̀ kí Màmá dáadáa, àmọ́ kò ya nǹkan kan fún un. Màmá wo àwòrán kìíní, ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta.

"Ó dára," ni Màmá wí. "Bàbá yín dà?"

Iwájú ilé ni wọ́n sin bàbá sí, Màríámù fúnra rẹ̀ ló lẹ táì sí sàréè náà. Nínú àwòrán ẹ̀gbọ́n, mọ́tò ló dúró lé e. Nínú ti Màríámù, jẹnẹrétọ̀ ni. Ní ti ará Kánádà, omi ni. Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tó máa rí sàréè tí kò ní mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Herbert wá wọn ilẹ̀, ó wọ̀n ọ́n yí i ká, ó ń retí kí ọmọ kan sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn ọmọ náà rí i pé kò sí nínú àwòrán mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó rọ́pò rẹ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n sì panu mọ́.

Herbert ṣí kọ̀ǹpútà wàràwàrà. "Ẹ má bínú, Mà. Mo lè dá Bàbá padà báyìí." Ó fi sàréè funfun kan sínú fídíò. Ìkánjú ò jẹ́ kó rántí yọ òyìnbó tó ń fa ajá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Màmá bi í. "Àyè tèmi ló dúró sí."

Màmá kọjú sí àwọn ọmọ.

"Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀ tì í ná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá gbé mọ́tò lé àwa méjèèjì lórí."

Sàlàhúdíìnì ló sin Herbert dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ń tì í, síbẹ̀ ó rọra sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe é tó bá yá."

Láti ìgbà náà, Herbert kì í jẹ́ kí Jímọ̀ kan kọjá láì pe Sàlàhúdíìnì láti béèrè àlàáfíà Màmá. Èsì kan náà ló ń gbà: ara Màmá le koko.