Búrẹ́dì Tó Kù Nílé Märta

Nígbà tí Sixten kú, mọ́tò rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọlọ́run má bínú. Àwa mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ olùfẹ́ mọ́tò àtijọ́ ní Dalsland, lórílẹ̀-èdè Sweden, èmi, Åke àti Gunvor, la jọ sunkún níbi ìsìnkú náà, ṣùgbọ́n mọ́tò Saab aláwọ̀ ewé tó wà nínú abà rẹ̀ ni kálukú wa ń rò.

Mọ́tò yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù kí wọ́n tó bù ú sí i. Bí wọ́n bá bu epo nìkan, ẹ́ńjìnnì á kú. Ohùn rẹ̀ dà bí ìkòkò tó ń hó lórí iná, èéfín rẹ̀ sì máa ń bo gbogbo abúlé. Àwọn aládùúgbò kórìíra rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Märta, ìyàwó Sixten, wá ń pè wá fún kọfí lọ́jọọjọ́ Àìkú. Gbogbo wa mọ̀ pé torí mọ́tò náà ló fi ń pè wá. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè nǹkan ni wọ̀bìà. A óò jókòó, a óò mu kọfí, a óò sọ̀rọ̀ òjò, a óò lọ sílé. Ní gbogbo ìgbà náà, kẹ́ẹ̀gì epo tí mo ti po mọ́ ọ́ìlì wà nínú búùtù mọ́tò mi. Ta ló mọ̀la?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, búrẹ́dì aládùn kan ṣoṣo ló kù nínú àwo. Ta ló máa mú èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n wá pè é ní wọ̀bìà? Gunvor gé e sí méjì, ó mú ìlàjì. Åke gé ìlàjì tó kù sí méjì. Èmi náà gé tèmi. Èyí tó wá ṣẹ́kù kò ju èékánná lọ, kò sì sẹ́ni tó tún wojú rẹ̀.

"Abà yẹn á ti máa tutù o," Åke wí.

"Ó ń tutù," Märta dáhùn.

"Òtútù ò dáa fún irin," ni Gunvor sọ.

"Kò dáa fún un lóòótọ́."

Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Mo fi kọfí gbé e mì.

Ìgbà náà ni Jeppe wọlé. Ará Denmark ni, ó fẹ́ ọmọ aládùúgbò Märta, ó sì wá dá àkàbà padà. Ó kí wa, ó fa àga jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó mú èyí tó kù nínú àwo, ó jù ú sẹ́nu. Åke wúkọ́ sínú kọfí rẹ̀.

"Märta, kí lẹ fẹ́ fi mọ́tò inú abà yẹn ṣe?" Jeppe béèrè. "Ó wù mí. Ẹ fún mi."

"Ṣé wàá máa wà á?"

"Àbí kí n máa wò ó ni?"

Märta dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, ó fi lé e lọ́wọ́. Jeppe dúpẹ́, ó jáde.

"Sixten ní kí n fún ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè," Märta sọ fún wa. "Láti ìgbà yìnyín tó kọjá ni mo ti ń se kọfí fún yín. Mò ń dín búrẹ́dì kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ní bóyá ebi á la yín lẹ́nu."

"Ẹ ò wá lè sọ fún wa?" Gunvor ní.

"Ẹ̀yin náà ò wá lè béèrè?"

Ó dùn mí wọ egungun. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwa wo ẹnu àáké títí oyin fi tán.

Láti ojú fèrèsé, a rí Jeppe lẹ́nu abà tó gbé epo ẹ̀rọ tí Märta fi ń gé koríko, tí kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀, ó ń ṣí táǹkì mọ́tò. Åke di apá mi mú.

"Valter, má dá sí i. Tó bá ti bà á jẹ́, á dá a padà."

Mi ò purọ́, mo rò ó wò. Lẹ́yìn náà mo já apá mi gbà, mo sáré jáde.

"Ìwọ ará Denmark yìí, ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi jáde, mo da gbogbo rẹ̀ sínú táǹkì mọ́tò náà.

"Ẹ ṣé gan-an," ni Jeppe wí. "Ṣé ẹ máa ń gbé e kiri ni?"

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Mọ́tò náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín bo gbogbo wa, Jeppe sì wà á lọ. Mo dúró títí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo padà sídìí tábìlì, Åke, tí n kò gbọ́ kó béèrè nǹkan rí láyé, na ife rẹ̀ síwájú.

"Märta, ṣé kọfí ṣì kù?"

"Ó ti tán," Märta wí.