Ìwé Ìlera Ọkọ̀

Ọwọ́ géèjì ti kúrò láàárín, ó ń fà sí ibi pupa.

Awakọ̀ náà, tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Rọra, nu òógùn kúrò lójú kí ó tó tún un wò, bóyá ojú ló ń tan òun. Ojú kò tàn án. Epo jíà ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń gbóná, wọn kò sì tíì gun òkè náà dé ìdajì. Oòrùn ọ̀sán mú ganrín-ganrín, ọ̀dà títì ti ń rọ̀ lábẹ́ táyà. Láti ìsàlẹ̀ òkè ló ti pa ẹ̀rọ amúlétutù, tó ti ṣí fèrèsé méjèèjì, tó sì ti fi jíà sí ìkejì kí ọkọ̀ má baà máa fi agbára wọ́ jíà ńlá. Ìrìn tó ń rìn kò yá ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ kánjú lọ. Síbẹ̀síbẹ̀, ọwọ́ géèjì ń lọ.

Ohun tó ń fà lẹ́yìn ló ń bà á lẹ́rù. Bí ó bá jẹ́ yanrìn ni, tàbí sìmẹ́ǹtì, ì bá má fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú láàárọ̀, wọ́n fi irin so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ Rọra, èèyàn mọ́kànlélógójì sì jókòó sínú rẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n wọṣẹ́ ní aago méjì nílé-iṣẹ́ bíríkì tó wà lókè. Ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, lórí ìjókòó kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ó ti sọ fún Máníjà lórí fóònù pé kò bójú mu láti máa fa ọkọ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n jókòó síbẹ̀," ni Máníjà dáhùn. "Àbí o fẹ́ máa gbé wọn pọ̀n ni?"

Ọ̀rọ̀ ì bá má tó báyìí ká ní ara ọkọ̀ akẹ́rù náà pé. Irú ọkọ̀ yìí máa ń ní rédíétọ̀ kékeré kan níwájú ńlá, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tu epo jíà lára lọ. Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n yọ ti Rọra. Máníjà ra jíìpù kan tó fi ń fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ sí etí adágún lópin ọ̀sẹ̀, jíà jíìpù náà sì ń gbóná. Ó ní kí mẹkáníìkì wá nǹkan ṣe sí i. Mẹkáníìkì wá nǹkan ṣe sí i lóòótọ́.

Nígbà tí Rọra lọ fẹjọ́ sùn, Máníjà fi ẹ̀yìn ti àga, ó bú sẹ́rìn-ín. "Jíà ni, kì í ṣe ọmọ ìkókó. Ṣé ó dìgbà tó bá wẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́?" Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Rọra náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn ún jù nísinsìnyí.

Ibì kan fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó yà síbẹ̀, ó fi jíà sí fíríì, kò sì pa ẹ́ńjìnnì, nítorí epo jíà kì í tètè tutù bí kò bá máa yí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi òkúta dí táyà ọkọ̀ méjèèjì, ó sì lọ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì, bàbá arúgbó kan tó ti di sítíárìn mú bí ẹni tó di igi mú nínú omi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ gun èyí tó kù. Ọkọ̀ yìí ò ní gbé wa."

Bàbá náà yíjú sẹ́yìn, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò dìde.

"Ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lágogo mélòó?" ni obìnrin kan bi í láti ẹ̀yìn. "Tó bá ti lé ní aago méjì, wọ́n ti ti géètì nìyẹn. Ṣé ìwọ lo máa bá wa ṣí i?"

Ìyàwó rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. Òógùn ti mú gèlè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí.

"Bàbá àwọn ọmọ, mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yìí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n á yọ orúkọ mi."

"Kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ìyá àwọn ọmọ. Mi ò purọ́ fún ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àmọ́ ti géètì yẹn ló ń bà mí jù. Kí la máa fi bọ́ àwọn ọmọ? Ẹ ṣáà máa wà á jẹ́jẹ́. Ṣebí torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè yín ní Rọra."

Fóònù dún. Máníjà ni.

"Kí ló dá ẹ dúró tí bọ́ọ̀sì ò fi tíì dé?"

"Epo jíà ló gbóná, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú kó lè tutù."

"Ogún ìṣẹ́jú kẹ̀? Bí o ò bá lè wà á, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ sílé ẹ. Èèyàn mẹ́fà ló wá tọrọ iṣẹ́ ẹ láàárọ̀ yìí."

Ọwọ́ géèjì kò tíì padà dé ìdajì. Rọra dúró pẹ̀lú fóònù tó ti pa lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo géèjì, ó wo fèrèsé kẹta. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òkúta.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé orí òkè nígbà tó gbóòórùn. Ó dà bí ṣúgà tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. Ó tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ké, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò lọ síwájú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì ń ga, ìrìn ọkọ̀ ń dínkù, títí ọkọ̀ fi dúró gbọnrangandan. Èéfín rú láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Epo jíà ti bẹ́ jáde sórí sàléńsà tó ti pọ́n bí ẹyin iná.

Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, bíréèkì gbà. Lẹ́yìn náà ó mọ̀ ọ́n lára pé ìwúwo tó wà lẹ́yìn ti ń fà á: bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kò ní bíréèkì gidi kankan tó lè mú un dúró. "Yéè, mo kú o," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó yí sítíárìn kí ìdí ọkọ̀ lè kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè, kí gbogbo rẹ̀ lè há síbẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ há. Irin tí wọ́n fi so bọ́ọ̀sì lọ́ pọ̀, ó já, bọ́ọ̀sì sì fì lọ sódìkejì, ó ṣubú sínú kòtò, ẹ̀gbẹ́ tí fèrèsé kẹta wà ló sì fi lélẹ̀.

Bí ó ti ń sáré lọ síbẹ̀, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti inú eruku. Ó ń fetí wá ohùn kan láàárín ohùn gbogbo wọn. Kò gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan fún un ní báàgì ọ̀rá tí gèlè kan àti káàdì géètì kan wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́rú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin aṣèwádìí kan láti iléeṣẹ́ ìjọba jókòó sí ọ́fíìsì Máníjà. Rọra dúró níwájú rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ó ń wo jíìpù Máníjà, tí wọ́n fi lọ gbé aṣèwádìí náà wá. Rédíétọ̀ kékeré ń dán lẹ́yìn irin iwájú rẹ̀.

"Wọ́n yọ rédíétọ̀ jíà ọkọ̀ mi, sà," ni Rọra wí. "Òun ló wà lára jíìpù yẹn."

Wọ́n pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì wo ilẹ̀. "Mi ò rántí, sà."

"Ẹ gbé ìwé wá," ni Máníjà pàṣẹ.

Akọ̀wé gbé ìwé ìlera ọkọ̀ wá. Gbogbo àárọ̀ ló yẹ kí awakọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó yẹ epo àti omi wò, kí ó tó buwọ́ lùwé pé ara ọkọ̀ le. Ẹni tí kò bá buwọ́ lùwé kò ní rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀ lẹ́nu fèrèsé akọ̀wé, nítorí náà, ní Ọjọ́ Ajé ni gbogbo awakọ̀ máa ń buwọ́ lu ti ọ̀sẹ̀ tán. Akọ̀wé á máa fi ìka hàn wọ́n: ibí, ibí, ibí. Kò sẹ́ni tó rí aburú kankan nínú rẹ̀.

"Ọjọ́rú," ni aṣèwádìí kà. "'Jíà dára. Epo dára. Kò sí àbùkù.' Ṣé ìbuwọ́lùwé yín nìyí?"

"Tèmi ni, sà. Ẹ dákun, ẹ ṣí ojú-ewé tó tẹ̀ lé e."

Ọkùnrin náà ṣí i. Ọjọ́bọ̀: jíà dára, epo dára, kò sí àbùkù, ìbuwọ́lùwé Rọra sì wà nísàlẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, òkú ọkọ̀ náà ṣì ń rú èéfín lórí òkè. Ó tún ṣí òmíràn. Lọ́jọ́ Ẹtì, tó jẹ́ òní, ara ọkọ̀ le. Ní Àbámẹ́ta, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́, ara ọkọ̀ yóò le.

Akọ̀wé ń fi èékánná họ etí tábìlì. Máníjà gbójú sókè wo aago ara ògiri.

Aṣèwádìí fi itọ́ tọ́ ìka, ó ṣí ìwé náà padà sí Ọjọ́rú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú-ewé mọ́lẹ̀ kí ó má baà tún ṣí.

"Ọjọ́rú ni mo wá wádìí," ló wí. Ó fa bébà kan tí wọ́n ti kọ ọ́ sí pé awakọ̀ ló jẹ̀bi jáde nínú fáìlì, ó tì í síwájú Rọra. "Ẹ̀yin náà ti jẹ́wọ́ pé ìbuwọ́lùwé yín ni. Ẹ buwọ́ lu èyí náà."

Ọwọ́ Rọra wà lápò, lórí káàdì géètì ìyàwó rẹ̀. Ó yọ ọwọ́ náà jáde. Akọ̀wé fún un ní bírò, ó na ìka sí ìsàlẹ̀ bébà náà bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́ Ajé.

"Ibí," ni akọ̀wé wí.