Irun Ẹ̀yìn, Irun Ikùn

Onígbàjámọ̀ ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, mo sì ń yí búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n kejì lórí awọ apá rẹ̀ pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo olè.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í.

"Ó rọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo ń wí. Bí ẹ̀gún ló rí."

Ti àkọ́kọ́ yẹn ló gbé wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ilà mẹ́ta wà lára igi rẹ̀. Láti ayé bàbá wa ni a ti ń fi ilà mẹ́ta sí irun ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó dára jù. Irun ìhà gba ilà méjì. Irun ikùn gba ẹyọ kan, a sì máa ń sọ fún ẹni tó ń rà á pé ikùn ni.

"Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," onígbàjámọ̀ wí. "Oníbàárà mi ò lanu rárá. Búrọ́ọ̀ṣì rẹ ló kó ọ̀ràn bá tiẹ̀. Ó dìde lórí àga mi bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Irun ikùn lo fi ilà mẹ́ta sí. Bí ilà yín bá ti ń parọ́, mi ò ní fi kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́."

A jọ dàgbà ni. Búrọ́ọ̀ṣì tó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun.

"Jókòó," mo ní.

Mo bu omi gbígbóná mìíràn. Irun ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ kò ṣeé dá lẹ́jọ́. Ó gbọ́dọ̀ mumi kó tó rọ̀. Mo rẹ mẹ́ta: tirẹ̀, ọ̀kan tí mo fọwọ́ ara mi dì, àti ọ̀kan tó jẹ́ irun ikùn pọ́ńbélé. Mo ní kó dijú. Mo fi wọ́n pa apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí tó gún jù yẹn ni mo gbé wá," ó wí.

"Èyí tó tẹ̀ lé e, tó rọ̀ jù ú, ni irun ikùn," mo ní.

Ó lajú. "Ikùn wá rọ̀ ju ikùn lọ?"

Mo gbé tirẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Mo fi àtàǹpàkò tẹ irun rẹ̀, ó dìde padà lẹ́ẹ̀kan náà. Irun ikùn kì í dìde bẹ́ẹ̀. Irun ẹ̀yìn ni. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó tọrọ àforíjì. Ìgbà náà ni mo wo ṣóńṣó rẹ̀.

Ṣóńṣó irun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń là fúnra rẹ̀, bí ẹnu pákò tí a ti rún. Ibẹ̀ ló ti ń rọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń da ṣóńṣó sísàlẹ̀ nínú ife igi, kí ìsàlẹ̀ ife náà fún orí búrọ́ọ̀ṣì ní ìrísí, ká sì gé ìdí irun. A kì í gé ṣóńṣó. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá wa kọ́ wa nìyẹn. Ti èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí ti di gígé, ó tẹ́jú bí etí tábìlì.

Àbúrò mi, tí a jọ ń di búrọ́ọ̀ṣì, wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, gọ́ọ̀mù wà ní ìka rẹ̀. Irùngbọ̀n òun náà ti funfun.

"Ta ló gé ṣóńṣó yìí?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń rà á ní kò tẹ́jú, pé ó rí jágajàga bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo kàn fi àlùmọ́gàjí bá wọn tún un ṣe."

"O gbaṣẹ́ mi ṣe," onígbàjámọ̀ wí. "Ṣé mo bá ẹ di búrọ́ọ̀ṣì rí?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. "Báwo lèyí tó o gé ṣe pọ̀ tó?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo irun ẹ̀yìn tọdún yìí." Ó ń nu ìka rẹ̀. "Ẹ má bínú. Irun ẹ̀yìn ṣì ni. A ò ṣáà parọ́."

Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ó mú èyí tó dára jù, ó sọ ọ́ di èyí tó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó wá ń wá òótọ́ nínú rẹ̀.

"A parọ́," mo ní. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í béèrè ibi tí irun ti wá. Ohun tó gún un ló mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká wá fi ilà kan sí i, Ẹ̀gbọ́n."

"Irun ikùn ò gún ẹnikẹ́ni. Má ba ikùn lórúkọ jẹ́."



Mo kọjú sí onígbàjámọ̀. "Ikùn kọ́, àmọ́ òótọ́ lo sọ. Kó gbogbo èyí tó wà lọ́dọ̀ rẹ padà wá. Sọ fún oníbàárà rẹ pé àwa la ṣe é."

"Kí ni n ó wá fi fárùngbọ̀n?"

Mo gbé èyí tí mo fọwọ́ ara mi dì fún un. Ó tún fi pa apá rẹ̀, lójú mi, kó tó fi í sápò. Mi ò bá a wí.

Lẹ́yìn tó lọ, mo da páálí búrọ́ọ̀ṣì tí àbúrò mi ti gé sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ yọ irun kúrò nínú igi wọn. Àbúrò mi fa àga, ó jókòó síwájú mi, ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀.

"Kí la ó fi wọ́n ṣe?"

"Búrọ́ọ̀ṣì bàtà. Awọ bàtà kì í sunkún."

Ìdì irun ẹ̀yìn kan ló kù tí àbúrò mi kò tíì gé. Ó tó búrọ́ọ̀ṣì méjì.