Ẹni Tó Di Dò Mú

Ìgbà kẹta rèé tí orin náà bàjẹ́ níbì kan náà. Ẹnu lásán làwọn akọrin fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ; ẹsẹ tó kẹ́yìn ni kíbọ́ọ̀dù máa ń wọlé. Kó tó wọlé, ohùn wọn á ti lọ sílẹ̀, òun àti ohùn wọn á wá máa ta ko ara wọn.

Fọládé, àgbàlagbà tó ń darí ẹgbẹ́ náà, nàka sí Tẹjúmọ́lá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin akọrin.

"Ìwọ ni! Gbogbo wa ń lọ síbì kan, ìwọ nìkan lo dá yàtọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ, sà. Ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ ni mo wà."

"Èmi lò ń dá lóhùn báyẹn? Jáde! O ò bá wa lọ kọrin ní Ìlọrin lọ́la mọ́."

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń bá ẹgbẹ́ náà káàkiri. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níta sítúdíò, níbi tí àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń ti Ìwó lọ sí Kuta ti ń kọjá.

Hussain tó ni sítúdíò fẹ́ mọ ibi tí orin náà ti ń bàjẹ́. Ó gbé máìkì kan síwájú ìlà akọrin kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọ̀kan síwájú Fọládé, ó ní kí wọ́n tún un kọ. Láìsí Tẹjúmọ́lá, orin náà tún lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Hussain wá ń gbọ́ máìkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọládé ń kun orin náà sínú bó ti ń juwọ́. Ní ẹsẹ kejì, ohùn ẹ̀ já sílẹ̀. Ìlà iwájú tẹ̀ lé e, ti ẹ̀yìn náà tẹ̀ lé wọn.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ohùn wọn já sílẹ̀ ni?" Hussain bi Yọ̀mí tó wà níwájú.

"A gbọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá di dò tá a fi bẹ̀rẹ̀ mú, ọ̀gá nìkan ló máa ṣì í. Bàbá wa ni wọ́n."

"Pa nǹkan yẹn!" Fọládé jágbe. "Irọ́ ni ẹ̀rọ ẹ ń pa!"

Hussain fi èyí tó gbà sílẹ̀ nígbà kẹta, kí Tẹjúmọ́lá tó jáde, sí i. Nígbà tí kíbọ́ọ̀dù wọlé, ohùn obìnrin kan ṣoṣo ló bá a dọ́gba.

Fọládé ní kí Yọ̀mí lọ pe Tẹjúmọ́lá wọlé. Yọ̀mí padà wọlé lóun nìkan.

"Ó ní kẹ́ ẹ wá pe òun fúnra yín, sà."

Fọládé dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Aago mẹ́fà ni bọ́ọ̀sì máa gbéra lọ́la. Má pẹ́."

"Ṣé ẹ máa dákẹ́ tá a bá ń kọrin, sà?"

"Ìwọ ọmọ yìí..."

Tẹjúmọ́lá ò kúrò lórí àtẹ̀gùn.

"Mo máa dákẹ́!"

Ó dìde, ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ ṣé, sà." Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé.

Wọ́n tún un kọ. Fọládé feyín di ètè ẹ̀ mú títí kíbọ́ọ̀dù fi wọlé, tí ohùn gbogbo wọn sì bá a dọ́gba.