Wọ́n Ń Wò Ó Bóyá Ó Ti Yí Padà

Lọ́jọ́ tí Adéjọbí ti ẹ̀wọ̀n dé sí Àjàgbà, Salome ń fi ọwọ́ fọ́ ẹ̀gẹ́ tó ti rọ̀ nínú omi, ó ń ṣa okùn inú rẹ̀ dànù. Ó gbọ́ tí àwọn ọmọdé dákẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbójú sókè, torí àwọn ọmọdé ilé yẹn kì í dákẹ́. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ru. Irun rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbé àpò ike kan há abíyá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Salome fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn. Kò sáré. Ó kọ́kọ́ wo fèrèsé Bàbá Dominic, bóyá ẹnì kan ń wò. Ẹnì kan ń wò.

Ilé ẹbí ni ilé náà. Bàbá Dominic, àbúrò baba wọn, ni olórí ẹbí, òun náà sì ni alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí gbogbo ilé ń lọ. Ọkọ Salome ti lé e, inú yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, ó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe oúnjẹ púpurú tà. Àánú ni wọ́n fi gbà á síbẹ̀, wọ́n sì máa ń rán an létí. Philemon, ọmọ Bàbá Dominic, tó ń tún ọ̀kadà ṣe lójú títì, ojú kan ló kù fún un. Adéjọbí ló fọ́ èkejì. Wọ́n jà níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó sì fi irin gbá a lójú. Ohun tó gbé e dẹ́wọ̀n nìyẹn. Ìyé, ìyá òun àti Salome, kú nígbà tó wà níbẹ̀. Wọ́n sin ín tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wá báyìí: kí wọ́n jẹ́ kó máa gbé nílé baba rẹ̀. Kò níbòmíràn.

Bàbá Dominic kò lé e. Kò sì gbà á.

"Wọ́n ní o ti yí padà lọ́hùn-ún," ó ní. "A ó wò ó. Máa sùn níbi ìdáná ná."

Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí wọn ó máa wò. Salome kò ka ìwé kọjá pírámárì, ó sì ti gbọ́ ìyípadà lẹ́nu èèyàn púpọ̀ débi pé kò mọ ohun tó jẹ́ gan-an mọ́. Àwọn òṣèlú fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo rẹ̀ kọjá lójú títì, títì náà sì wà bó ṣe wà. Nígbà àìsàn Ìyé, nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ara màmá ti yí padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀, kó tó wá rí bí ojú nọ́ọ̀sì náà ṣe rí.

Nínú ilé náà, kálukú ló ní tirẹ̀. Vivian, ìyàwó Philemon, tíṣà ni. Ó ní, "Bí kòkòrò bá ti di labalábá, kì í jẹ ewé mọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń jẹ ewé, kò tíì di nǹkan kan."

"Ẹ má dá tíṣà lóhùn," ni Philemon wí. "Ọ̀kadà tó bá ti kọlu igi, o lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, o lè kùn ún ní pupa kó máa dán. Férémù tó ti wọ́, ó wọ́ náà nìyẹn."

"Ti ẹ̀mí lèmi ń sọ," Bàbá Dominic ní. "Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó rí i lójú."

Salome fẹ́ sọ ti ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀gẹ́ á le bí igi, á sì lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n tó bá ti rọ̀ nínú omi, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di líle mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó pa á dé. Kí ló kàn án?

Philemon ló bẹ̀rẹ̀. "Ẹlẹ́wọ̀n! Wá pọn omi ìwẹ̀ mi." Adéjọbí pọn ọ́n. Philemon ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dà á sílẹ̀. "Ó tutù. Pọn òmíràn." Adéjọbí tún lọ. Àwọn ọmọdé kọ́ láti máa di ojú kan bí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Philemon kó àwọn ọlọ́kadà wálé, ó ní kí wọ́n wá wo kìnnìún tí wọ́n yọ léyín. Ó gbé irin kan lé Adéjọbí lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ojú kan tó kù sí i.

"Ọ̀kan ṣì wà ńlẹ̀ o. Gbá a!"

Salome wà nídìí àjà tó ń yan púpurú lé lórí iná. Adéjọbí wo irin náà. Ó gbé e lọ, ó fi ti ògiri jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

Vivian rẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró lójijì.

Láàárọ̀, Adéjọbí máa ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ púpurú róbótó-róbótó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé wọ́n máa gbà mí?"

"Fún omi rẹ̀ dáadáa. Omi pọ̀ jù níbẹ̀."

"Mi ò bínú sí wọn. Ojú Philemon yẹn, mo máa ń rí i lójú oorun."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ìyé ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?"

Salome wẹ̀yìn. Vivian ń gbálẹ̀ bọ̀. Orúkọ Adéjọbí ni Ìyé ń pè títí ohùn fi lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Wọn ò sọ nǹkan kan," Salome ní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá Dominic pe Salome wọ pálọ̀. Kò tíì bọ́ sùtánà ọrùn rẹ̀.

"Ó ku ìdánwò ẹyọ kan," ó ní. "Ìwọ lo máa ṣe é. Sọ fún un níwájú gbogbo wa pé òun ló pa ìyá yín. Bó bá gba ìyẹn mọ́ra, ilé baba rẹ̀ ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi rán ẹlòmíràn."

"Salome. Nígbà tí ọkọ rẹ lé ọ, ta ló gbà ọ́ sílé?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń jáde pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Pé ó ń ran Adéjọbí lọ́wọ́ ni. Pé bó bá ti parí, á rí ilé gbé.

Wọ́n ti pé sí àgbàlá. Adéjọbí dúró láàárín.

"Adéjọbí."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ... ìwọ lo pa Ìyé."

"A ò gbọ́ o, Àǹtí Salome!" ni Philemon kígbe. "Ṣé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ ń gbà ni?"

"Ìwọ lo pa Ìyé! Ìtìjú rẹ ló pa wọ́n! Wọ́n ṣẹ́ èpè fún ọ kí wọ́n tó kú!"

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sẹ́ni tó rán an. Ẹ̀rù ló bà á pé èyí tí wọ́n rán an kò ní tó.

Adéjọbí kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́.

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ forí jì mí."

Ara tu Salome. Ó ti gbà á mọ́ra. Ó parí. Ó wo Bàbá Dominic.

"Ẹ wo ojú ẹ̀," Philemon ní. "Ó gbẹ! Ẹni tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, tí kò jà, tí kò ké. Ṣé èèyàn nìyẹn? Ó ń lúgọ ni."

"Ẹ̀rù bà mí o," Vivian ní. "Mo lọ́mọ obìnrin nílé."

Bàbá Dominic mi orí. "Ẹni tó bá yí padà, omijé máa ń wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé kí n sunkún," ni Adéjọbí wí.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ká tún wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sunkún ni?" ni Philemon wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá Dominic gbọ́wọ́ sókè. Ó kọjú sí Salome. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ṣé ó ti yí padà, àbí kò yí padà?"

Adéjọbí gbójú sókè. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó wò ó bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, tó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sọ.

Ojú Bàbá Dominic ni Salome wò. Ó wá ìdáhùn lójú rẹ̀, ó sì rí i.

"Mi ò lè sọ, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Adéjọbí dìde, ó gbọn òkúta kúrò lórúnkún, ó lọ mú àpò ike rẹ̀ níbi ìdáná. Salome wé púpurú méjì sínú ewé kó fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Philemon dúró lẹ́nu ọ̀nà, ewé náà sì wà lọ́wọ́ Salome títí ọ̀kadà tó gbé àbúrò rẹ̀ fi gba ọ̀nà Òde-Ìrèlè lọ.

Ó padà sídìí iná. Tóyọ̀sí, ọmọ Vivian, sáré wá jókòó tì í bó ṣe máa ń ṣe.

"Tóyọ̀sí! Dìde níbẹ̀. Má jókòó ti ìyá yẹn mọ́."

"Vivian, kí ni mo ṣe?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹni tó lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ọmọ ìyá ẹ̀... mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ rí."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́!"

"A ò ní kẹ́ ẹ fi ti èpè kún un." Philemon ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí yìí ti dìdàkudà mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá ní ká máa wo ẹ̀yin náà ná."

Salome wo fèrèsé. Bàbá Dominic wà níbẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Salome rọra yí sápá ibi tí èéfín ń fẹ́ sí. Ó tẹ ojú sínú rẹ̀, ó là á sílẹ̀ gbagada, kò ṣẹ́jú, títí omijé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí fèrèsé.