Tíì Aláwọ̀ Ewé Lórí Ahọ́n Màmá

Bí mo bá rí nǹkan tí n kò mọ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n ó fi tú u wò. Ọkọ mi ní àìsàn ni. Ó lè máa pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Rachael, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, mú agolo kékeré kan wá láti Akrà, tó ní ọ̀gá òun tó jẹ́ ará Japan ló ta òun lọ́rẹ, gbogbo ará ilé wò ó tán, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni mo ṣí i. Ewé tíì lílọ̀ ni, ó kúnná bí àtíkè, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa.

Mo wá a lórí fóònù. Obìnrin kan níbẹ̀ ń fi ṣe àdídùn tí àwọn ará Ítálì ń pè ní tiramisù. Wọ́n á ri bisikíìtì sínú kọfí, wọ́n á da wàrà àti ẹyin tí wọ́n pò pọ̀ lé e, wọ́n á tún to òmíràn lé e, ó di inú fíríìjì. Àwọn ará Japan wá yọ kọfí kúrò, wọ́n fi tíì tiwọn rọ́pò. Ta ló kọ́kọ́ ro irú èyí? Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dìde ni pé ó rọ̀, ó tutù, ó sì dùn, Màmá sì nílò irú rẹ̀.

Màmá ni ìyá ọkọ mi. Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn ni kò ti mọ adùn oúnjẹ mọ́. Fùfú ni o, ìrẹsì ni o, ó ní bí ìwé ni gbogbo rẹ̀ rí lẹ́nu òun. Bó bá ti jẹ ṣíbí méjì, ó ti ti abọ́ sẹ́yìn. Ó rù débi pé bùbá rẹ̀ ń yọ̀ kúrò léjìká. Dókítà ilé ìwòsàn tó wà ní Bantama ti kìlọ̀ fún wa: bí kò bá jẹun dáadáa kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, wọ́n á dá a dúró síbẹ̀, wọ́n á ti rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú láti máa fún un lóúnjẹ. Màmá ní òun ò lọ síbi kankan, kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn nínú ilé òun ní Fante New Town. Bó ṣe sọ ọ́ bà mí lẹ́rù gan-an. Gbogbo wa wá ń da ṣúgà sí ohun gbogbo, a ní adùn ló máa fà á padà sídìí oúnjẹ.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ sí ọjà Race Course. N kò rí irú bisikíìtì tí obìnrin yẹn lò, ni mo bá ra búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n fi ń mu tíì níbí, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo yan án. Ìyẹn wàrà àwọn ará Ítálì, nígbà tí mo gbọ́ iye rẹ̀, ẹ̀rín ni mo rín jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Wàrà tí Ràzíátù ń tà ládùúgbò wa ni mo rà, mo lọ̀ ọ́ mọ́ kírímù. Ó ń ṣe ṣáṣá lẹ́nu bí iyanrìn, mo bá fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mo po ẹyin mọ́ ṣúgà lórí omi gbígbóná títí ó fi ki, torí ẹyin tútù kò yẹ aláìsàn.

Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wò mí.

“Ɛdeɛn nie?” Ilẹ̀ Gánà níbí ni wọ́n bí i sí, bí nǹkan bá ṣàjèjì sí i, Twi ló fi ń bèèrè kí ni.

“Tíì ni, Màmá. Tíì àwọn ará Japan.”

Ó na ọwọ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nínú ilé bíi tiwa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: mílíìkì ni o, Máílò ni o, gàrí ni o, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń tọ́ ọ wò. Èmi náà ò ronú, mo bu ṣíbí kan kíkún síbẹ̀. Màmá jù ú sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó pá a lórí. Ó ń wúkọ́, eruku aláwọ̀ ewé ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ètè rẹ̀ àti eyín rẹ̀ ti yí padà. Mo sáré bu omi, mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé mo ti pa ìyá ọlọ́mọ.

Ó ti omi náà sẹ́yìn. Ó ń yí ahọ́n rẹ̀ lẹ́nu.

“Ɛyɛ nwono,” ó rọra sọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi.”

“Mo ní ó korò, ìyàwó. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu.” Ó fi ìka kan ìdí ahọ́n rẹ̀. “Ibí yìí ló wà.”

Mo kàn padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ po tíì, mo ri búrẹ́dì bọ̀ ọ́, mo da wàrà tí mo ti pò mọ́ ẹyin lé e, mo tún to búrẹ́dì, mo gbé e sínú fíríìjì. Kó tó di ọ̀sán, Màmá ti bi mí bóyá ó ti tutù, òun tí kì í bèèrè oúnjẹ mọ́.

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù dé, mo gé e sínú àwo. Ó fẹ́ wó díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo wọ́n tíì fẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀ bí obìnrin inú fóònù ṣe ṣe é. Èmi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: ṣúgà ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà òórùn ewé, wàrà wà lábẹ́ wọn. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ mi. Ọbáfẹ́mi ní bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n da ṣúgà sí ló rí.

Màmá jẹ ṣíbí kan. “Ìwé,” ló sọ.

Ó fi ṣíbí lélẹ̀, ó wá nawọ́ sí agolo. “Da èyí tó korò yẹn sí i.”

Mo wọ́n ọn.

“Dà á sí i.”

Mo dà á títí n kò fi rí funfun rẹ̀ mọ́.

“Tóyọ̀sí, o ti bà á jẹ́,” ni Ọbáfẹ́mi wí.

Màmá jẹ ẹ́, ó pa ojú dé, ó tún jẹ ẹ́. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì fi ìka nu àwo náà. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí.

“Kí ló tún korò, Tóyọ̀sí? Ewúro ńkọ́? Orógbó ńkọ́? Ẹ ò se ewúro nínú ilé yìí mọ́ ni?”

Mo bú sẹ́kún. Ọbáfẹ́mi ti dìde, ó ń wọ bàtà, ó fẹ́ lọ ra ewúro wá.