Ẹni Tó Kọ́kọ́ Mú Ẹran

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí òmùgọ̀ lọ́pọ̀ yanturu, Ọ̀ṣuntọ́lá aláró a ní kó lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè Ẹdẹ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Èkó bá fẹ́ kọjá. Níbẹ̀ ni yóò ti rí géńdé ọkùnrin tó fi ebè iṣu sílẹ̀, tó di ẹrù rẹ̀ sínú ẹní, tó ń lọ sí Kùmásí nílẹ̀ Àṣàǹtí láti lọ máa kiri abẹ́rẹ́ àti jígí láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí o bá bi í léèrè ohun tó ń lé e, á ní owó orí ni. Owó orí! Ṣé àwọn tó dúró sílé kò san tiwọn ni?

Ọ̀rọ̀ náà ń dun Ọ̀ṣuntọ́lá ju bó ṣe ń fẹnu sọ ọ́ lọ. Ọmọ ọkùnrin méjì ló bí. Ògúndèyí, àkọ́bí rẹ̀, ti bá wọn lọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, agboòrùn kan péré ló sì fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀ṣuntọ́lá ń fi agboòrùn ọ̀hún bo ìkòkò aró kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Ọdẹ́wálé nìkan ló kù fún un, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà lọ́nà ìlú Ara, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń gé ewé ẹlú tí wọ́n fi ń ṣe aró wá fún ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bí eléyìí náà bá lọ, ta ni yóò sin ín lọ́jọ́ tó bá kú?

Ìgbà tí Bùràímọ̀ ti Kùmásí dé ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Inú agboolé kan náà ni wọ́n ti bí òun àti Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́wálé sì fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ. Kí Bùràímọ̀ tó lọ, bí wọ́n bá ní kó kọ ogún ebè, á kọ mẹ́ta, á sùn sábẹ́ igi. Òun náà ló wá padà dé pẹ̀lú bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀, tó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, pẹ̀lú àpótí onírin tí kì í ṣí lójú ẹnikẹ́ni, àti èdè Àṣàǹtí tó máa ń fi kí ewúrẹ́. Àwọn tí kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀ wá ń bi í bóyá òjò yóò tètè rọ̀ lọ́dún yìí, àfi bí ẹni pé Kùmásí ni òjò ti ń wá. Ọ̀ṣuntọ́lá a máa wò wọ́n láti ìdí ìkòkò aró rẹ̀, a sì pòṣé títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Àtàndá, baálé agboolé náà, ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n pa àgbò. Nínú agboolé wọn, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, ìbáà jẹ́ àárọ̀ kan ló fi ju èkejì lọ. Ọ̀ṣuntọ́lá ni wọ́n máa ń fi àwo ẹran lé lọ́wọ́, nítorí pé ó mọ ìgbà tí wọ́n bí olúkúlùkù, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ó gbé e yí àwọn ọkùnrin ká bó ṣe máa ń ṣe. Gbogbo wọn wà lórí ẹní, àfi Bùràímọ̀ tó jókòó sórí àga. Bó ṣe ń gbé àwo bọ̀ ló ń bú u nínú ara rẹ̀, pé wo ọ̀lẹ tó ń sùn nídìí ebè tó wá ń gun àga. Bùràímọ̀ mú itan. Ọ̀ṣuntọ́lá ń bá èébú rẹ̀ lọ, ó gbé àwo fún àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ọdẹ́wálé sọ ẹrù ẹlú kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ bá wọn lọ sí Kùmásí."

Ẹ̀gàn ló yá Ọ̀ṣuntọ́lá lẹ́nu.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? O fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ewúrẹ́?"

"Rárá, ìyá."

"Ṣé iṣu rẹ ò tà ni? Àbí owó orí ló ń lé ìwọ náà?"

"Iṣu tà. Mo sì ti san owó orí."

"Bùràímọ̀ ni, àbí? Aláìníláárí tó ń tiro nínú bàtà! Kí ló ní tí o ò ní?"

Ọdẹ́wálé wolẹ̀. "Òun ló kọ́kọ́ mú ẹran ṣáájú mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ọ̀ṣuntọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Itan àgbò kan ló fẹ́ lé ọmọ mi kúrò nílé? Màá ra odidi àgbò fún ọ lọ́la. Ta ló tiẹ̀ fi ẹran dù ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, ìyá."

Ẹ̀rín náà dá.

"Mo ti nawọ́. Ẹ gbé àwo kọjá lójú mi, ẹ gbé e lọ bá Bùràímọ̀, ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un bí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún ọba. Ká ní ẹlòmíràn ni, ǹ bá bá a jà. Àmọ́ ìyá tó bí mi ni."

Ọ̀ṣuntọ́lá la ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Ó wá rántí àga yẹn, ó rántí bàtà tó ń dán, ó sì rántí bí ẹ̀yìn òun ṣe tẹ̀. Inú rẹ̀ ló ń bú Bùràímọ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń sìn ín. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Mo jẹ̀bi," ló sọ. "Má lọ. Màá pe gbogbo wọn jọ, màá sọ ọ́ lójú wọn."

"Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á gbà, wọ́n á sì gbé ẹran fún mi," ni Ọdẹ́wálé wí. "Àmọ́ èmi ti mọ ẹni tó wù yín láti fún."

Lọ́sẹ̀ kejì, agboolé sìn ín dé ìdíkọ̀. Ọ̀ṣuntọ́lá ti ṣí agboòrùn Ògúndèyí kúrò lórí ìkòkò, ó ti fọ̀ ọ́ títí, aró kò kúrò lára rẹ̀. Ó fi lé Ọdẹ́wálé lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń wọlé, Àtàndá baálé, tó rán Ọdẹ́wálé lọ ṣẹ́gi ní ìjẹta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ti èrò.

"Ẹ yà! Ẹ yà fún ará Kùmásí!"

Ará Kùmásí tí kò tíì dé Ìwó! Àwọn èèyàn sì ń yà lóòótọ́, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn. Ọ̀ṣuntọ́lá ká ètè láti pòṣé sí wọn, àwọn òpè aláìnítìjú. Ó wá wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Òun ló kọ́kọ́ yà.